Ìwúkàrà mi ń wú dáadáa nínú ìgò, kí ló dé tí búrẹ́dì mi fi ń jáde ní pẹlẹbẹ?

Ìyá Àǹjọlá (Ìbàdàn) béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe búrẹ́dì nílé. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta báyìí tí mo ti ń tọ́jú ìwúkàrà tèmi, ìyẹn èyí tí kò ní yíìsì inú páálí rárá, bí kò ṣe ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi tí mo pò pọ̀ títí tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ru fúnra rẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń fi 50 gíráàmù sílẹ̀ nínú ìgò, n óo da ìyókù nù, n óo sì fi 50 gíráàmù ìyẹ̀fun àti 50 gíráàmù omi bọ́ ọ. Ọkọ mi ti bi mí léèrè bóyá bíbọ́ ni mo ń bọ́ ọ tàbí bíbọ ni mo ń bọ ọ́, nítorí kò sí òwúrọ̀ kan tí n kì í dúró níwájú ìgò náà.

Ohun tó ń dà mí láàmú nìyí. Ní ọjọ́ Àìkú tí mo wà nílé, mo fi rọ́bà sàmì sára ìgò, mo sì rí i pé láàárín wákàtí 3 ó ti di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò ti rọ̀ wálẹ̀, omi dúdú díẹ̀ yóò ti léfòó sójú rẹ̀, òórùn rẹ̀ yóò sì dà bí ohun tí àwọn obìnrin fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò. Fún búrẹ́dì, ìwé tí mo ń tẹ̀ lé sọ pé kí n lo 500 gíráàmù ìyẹ̀fun, 350 omi, 100 ìwúkàrà àti 10 iyọ̀, kí n sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí 10 ní òru. Mo pò ó ní aago 9 alẹ́. Nígbà tí mo jí, ó ti kún inú abọ́, inú mi dùn. Àfi bí mo ṣe tì í lọ́wọ́ tó yọ́ bí ẹ̀kọ tí kò dì, tó sì lẹ̀ mọ́ mi dé ọrùn ọwọ́. Èyí tó jáde nínú ààrò kò ga ju ìka méjì lọ, ó sì kan bí ògì ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rí bákan náà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra ìwúkàrà gbígbẹ ti San Francisco, òmíràn ní kí n máa fi omi ògì pò ó dípò omi lásán. Yàrá ìdáná mi máa ń wà ní ìwọ̀n ooru 31 lọ́sàn-án, kì í sì í sábà wálẹ̀ ju 28 lọ lóru. Ṣé ìwúkàrà ni kò dára ni, àbí ìyẹ̀fun, àbí ọwọ́ mi?

Alábúrẹ́dì Abẹ́òkúta fèsì pé:

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Àǹjọlá. Ìwúkàrà yín kò ṣàìsàn, ebi ló ń pa á. Ohun tó lè di ìlọ́po méjì láàárín wákàtí 3 lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jẹun tán kí aago 10 àárọ̀ tó lù, tí ẹ kò sì fún un ní òmíràn títí di ọjọ́ kejì, ogún wákàtí gbáko ló fi ń gbààwẹ̀. Omi dúdú yẹn àti òórùn tí ẹ ròyìn, igbe ebi ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò. Oríṣi ẹ̀dá méjì tí ojú lásán kò lè rí ló ń gbé ibẹ̀: yíìsì, tí èémí rẹ̀ ń mú kí búrẹ́dì wú, àti àwọn bakitéríà tó ń sọ nǹkan di kíkan, tí wọ́n jẹ́ ìbátan àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ògì. Yíìsì inú ìwúkàrà fẹ́ràn ìwọ̀n ooru tó tó nǹkan bí 27, ṣùgbọ́n nǹkan bí 32 ló bá àwọn bakitéríà yẹn lára mu jù. Ní yàrá ìdáná tó wà ní 31, ẹ rí i pé àwọn ni ilé gbà. Bí omi kíkan wọn bá sì ti pọ̀ jù nínú ìyẹ̀fun tí a pò, okùn inú àlìkámà tó ń fà bí rọ́bà, èyí tí wọ́n ń pè ní gluten, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Okùn yìí ló ń di afẹ́fẹ́ mú. Nígbà tó bá já tán, kò sí ohun tí yóò gbé búrẹ́dì dúró mọ́, ohun tó sì fà á tó fi yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ nìyẹn. Wákàtí 10 tí ìwé yín sọ, ilé tó wà ní ìwọ̀n 20 tàbí 21 ni òǹkọ̀wé náà ní lọ́kàn. Níbí, wákàtí 4 máa ń tó, ìgbà mìíràn kì í tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣe é ni pé 10 gíráàmù péré ni mo ń mú nínú ti àná, n óo fi 50 ìyẹ̀fun àti 50 omi tútù bọ́ ọ, àárọ̀ kan, alẹ́ kan. Nígbà tí ẹnu tó ń jẹ bá kéré sí oúnjẹ tó wà nílẹ̀, yóò pẹ́ kí oúnjẹ tó tán. Bí ẹ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, òórùn náà yóò yí padà, yóò máa rùn bí wàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó fi ṣe búrẹ́dì, kí ẹ sì lò ó nígbà tó bá wú dé òkè, kí ó tó rọ̀.

Ní ti búrẹ́dì fúnra rẹ̀, ẹ dín ìwúkàrà kù sí 50 gíráàmù, kí ẹ dín omi kù sí 320, kí ẹ sì pò ó ní àárọ̀ Sátidé tí ojú yín yóò fi wà lára rẹ̀. Ẹ má wo aago. Ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife gíláàsì kékeré, kí ẹ fi bírò fa ìlà síbi tó dé lára ife. Bí ti inú ife bá ti fi ìdajì kún gíga rẹ̀, ti inú abọ́ náà ti tó ká jọ nìyẹn. Ìyẹ̀fun búrẹ́dì ni kí ẹ rà o, kì í ṣe ti kéèkì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Leeds fèsì pé:

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa láti Abẹ́òkúta sọ. Ìdàkejì tiyín ni tèmi, Ìyá Àǹjọlá: nínú oṣù Kínní, yàrá ìdáná mi kì í ju ìwọ̀n 16 lọ, inú ààrò tí n kò tan iná rẹ̀, àfi gílóòbù rẹ̀ nìkan, ni mo ń gbé ìgò sí kí ó lè rí ooru díẹ̀. Bí ìwé bá ní wákàtí 10, èmi á fi kún un, ẹ̀yin á yọ kúrò nínú rẹ̀.

Ní ti San Francisco, ẹ fi owó yín sápò. Ní 1971, àwọn onímọ̀ méjì ní California, Kline àti Sugihara, jábọ̀ nípa bakitéríà kan tí wọ́n rí nínú búrẹ́dì kíkan ìlú náà, orúkọ ìlú yìí ni wọ́n sì fi sọ ọ́, tó fi di sanfranciscensis. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wá gbà pé ibẹ̀ nìkan ló wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí i láti ìgbà náà nínú ìwúkàrà Ítálì, ti Jámánì àti ti ibòmíràn. Ohun tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni bó ṣe ń bá yíìsì gbé: ṣúgà kan wà nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pè ní maltose, òun ni bakitéríà yìí ń jẹ, yíìsì tí wọ́n sì bá lọ́dọ̀ rẹ̀ kì í fẹnu kàn án. Bí ẹni méjì bá jọ ń jẹun nínú àwo kan, tí ọ̀kan ń jẹ ẹ̀bà tí èkejì ń jẹ ẹran, níbo ni ìjà yóò ti wá?

Èyí tí ẹ bá rà kò ní pẹ́ kó tó gba ìwà ìyẹ̀fun yín àti ti ọwọ́ yín. Ní ìlú Saint-Vith ní Belgium, ilé kan wà tí wọ́n kó ìwúkàrà tó ju 100 lọ jọ sí nínú fíríìjì, láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, bí ilé ìkàwé. Ìyẹ̀fun tí ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò nílé rẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ́ ọ níbẹ̀, kí ó má bàa di nǹkan mìíràn mọ́ wọn lọ́wọ́.

Màmá Àgbà fèsì pé:

Ọmọ mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ má fi omi ògì sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sẹ́ ògì, mo mọ omi rẹ̀. Yóò ru lóòótọ́, ṣùgbọ́n kíkan ló pọ̀ nínú rẹ̀, èyí tó wà nínú ìgò yín sì ti kan jù tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ti ilé wa, ẹmu ni kí ẹ bi mí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí yíìsì kò tíì pọ̀ lọ́jà, ẹmu ni ìyá wa fi ń po búrẹ́dì àti pọfu-pọ́ọ̀fù. Irú yíìsì tí wọ́n ń dì sínú páálí wà nínú ẹmu, tí ẹnikẹ́ni kò fi sí i. Àmọ́ ẹmu òwúrọ̀ ni o, èyí tí adẹ́mu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀, tó ṣì dùn lẹ́nu. Ti ìrọ̀lẹ́ ti ń di ọtí kíkan, ohun tó bá ìgò yín náà ni yóò bá búrẹ́dì yín.

Ní ti ooru, ẹ wá abọ́ amọ̀, kí ẹ da iyanrìn tútù sí i, kí ẹ ri ìgò náà mọ́ ọn dé ìdajì, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi bò ó, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àmù.

Alábúrẹ́dì Abẹ́òkúta tún fèsì pé:

Ẹ ṣeun, Màmá. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ti iyanrìn yẹn máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà ọyẹ́, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń fa omi kúrò lára aṣọ, ibi tó ń fà á kúrò ni ìtutù ti ń wá. Nígbà òjò tí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ kún fún omi, díẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí.

Èmi a máa dín omi inú ìwúkàrà kù: 50 ìyẹ̀fun, 28 omi, kí ó le bí ìyẹ̀fun tí a fẹ́ fi ṣe ṣinṣín. Èyí tó bá le kì í tètè jẹun tán, bí iná mànàmáná bá sì lọ fún ọjọ́ méjì tí fíríìjì gbóná, kò ní ru jáde sí ara ẹran àti ẹja yín, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ẹ tún fi díẹ̀ pamọ́ ní gbígbẹ. Ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sórí ọ̀rá mímọ́ nígbà tó bá wú dé òkè, ẹ gbé e sábẹ́ fáànù kì í ṣe sínú oòrùn, kí ẹ rún un sínú ìgò nígbà tó bá ń dún pàkàpàkà.

Ìyá Àǹjọlá (Ìbàdàn) padà wá:

Mo kí yín o, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Mo ṣe 10, 50, 50 ní àárọ̀ àti ní alẹ́, ní ọjọ́ kẹrin òórùn èékánná yẹn ti lọ. Ní Sátidé, mo pò ó ní aago 8, ife gíláàsì dé ojú ìlà ní aago 12 ku ìṣẹ́jú 10, mo ká a jọ, mo sì gbé e sínú fíríìjì títí di ìrọ̀lẹ́. Ìkòkò irin ni mo fi sè é nínú ààrò ní ìwọ̀n 230, pẹ̀lú ìdérí fún ìṣẹ́jú 25, láìsí ìdérí fún 20. Mo gbàgbé pé ike ni wọ́n fi ṣe ọwọ́ ìdérí náà, ó ti yọ́ tán kí n tó rántí. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì náà ga tó ìka mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí mo gbé e sórí tábìlì èèpo rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bó ṣe ń tutù, ihò ńlá àti kékeré sì wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi jẹ ìdajì kí n tó rí bọ́tà.

Ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló jóná, nítorí pé iná ààrò gáàsì mi láti ìsàlẹ̀ nìkan ló ti ń wá. Kí ni ẹ̀yin ń tẹ́ sábẹ́ ìkòkò?

Màmá Àgbà fèsì pé:

Iyanrìn gbígbẹ ni, ọmọ mi, kí ó nípọn tó ìka kan nínú páànù, kí ẹ sì gbé ìkòkò lé e. Èyí ò ní wáhàlà òjò tàbí ọyẹ́ nínú, Alábúrẹ́dì.