Irú táìsì wo ló yẹ pálọ̀ àti balùwẹ̀?

Onílé_Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé kan là ń parí lọ́wọ́ n'Íbàdàn, táìsì ló kù. Pálọ̀ jẹ́ mítà 4.5 sí 4, balùwẹ̀ jẹ́ mítà 2 sí 1.5. Àwọn tó ń tà á ní kí n ṣáà mú èyí tó bá wù mí. Èwo ni kí n rà síbi wo, mélòó sì ni? Ọmọ kékeré wà nílé, mi ò fẹ́ èyí tó ń yọ̀.

Atẹ́lẹ̀
Ẹ kú iṣẹ́ ilé, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ gbé e pẹ́. Táìsì ògiri kì í ṣe táìsì ilẹ̀ o. Ti ògiri kò lágbára, ó sì máa ń mu omi. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ àga ni yóò kọ́kọ́ fọ́ ọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ kán omi sẹ́yìn ẹ̀. Bí omi bá wọra kíá, ògiri ni kó máa lọ. Bó bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, porcelain nìyẹn: omi tó ń mu kì í ju 0.5% ìwọ̀n ara ẹ̀ lọ. Òun ni kí ẹ tẹ́ sí pálọ̀.

Ẹ tún wo PEI lára páálí, nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú táìsì ṣe lè fara da híha tó. 0 wà fún ògiri nìkan, 3 tó fún yàrá. 4 ni kí ẹ mú fún pálọ̀, torí yanrìn tí bàtà ń kó wọlé ló ń ha ojú táìsì.

Pálọ̀ yín jẹ́ sukúéà mítà 18. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un nítorí gígé àti fífọ́, ó di 19.8. Páálí táìsì sẹ̀ǹtímítà 60 sí 60 tó ní ẹyọ 4 ń bo sukúéà mítà 1.44. Páálí 14 ni.

Ìyá_Ẹlẹ́rù
Ti balùwẹ̀, ẹ má jẹ́ kí dídán tàn yín. Ẹ ra 30 sí 30 tó ha lọ́wọ́ bí ẹ bá fọwọ́ rà á, R10 tàbí R11 (R yìí ló ń sọ bí táìsì ṣe ń di ẹsẹ̀ mú tó kó má yọ̀). Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ síbi ihò omi, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 lórí mítà kan. Táìsì ńlá kò ṣeé tẹ́ síbẹ̀, omi á máa dá dúró láwọn igun. Ògiri ẹ̀, bí ẹ bá tẹ́ ẹ dé mítà 2.1, tí ẹ yọ ojú ilẹ̀kùn kúrò, tí ẹ sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, 25 sí 40 bí ẹyọ 144 ni.

Kí nọ́ńbà àwọ̀ tó wà lára gbogbo páálí bára mu. Bí ẹ bá padà lọ rà á lóṣù tó ń bọ̀, àwọ̀ ẹ̀ lè yàtọ̀, ojú á sì máa rí i.

Atẹ́lẹ̀
Òótọ́ ni. Ẹ sọ fún bíríkìlà pẹ̀lú: táìsì ògiri tí wọ́n máa fi sìmẹ́ńtì tẹ́, kí wọ́n kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sómi, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á fa omi inú sìmẹ́ńtì gbẹ kó tó dì. Porcelain kò nílò rírẹ, gọ́ọ̀mù táìsì ló ń mú un. Kí gọ́ọ̀mù kún gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, kí wọ́n má kàn lẹ̀ ẹ́ lójú márùn-ún. Ibi tó bá ṣófo lábẹ́ ló ń sán.

Onílé_Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an. 60 sí 120 ńkọ́?

Ìyá_Ẹlẹ́rù
Ẹ mú méjì, ẹ kọ ojú wọn síra. Bí àlàfo bá wà láàárín tàbí létí wọn, ó ti tẹ̀. Tó bá jẹ́ díẹ̀ ni, kí wọ́n fi ìdá kan nínú mẹ́ta gígùn táìsì sún ìlà kan ju èkejì lọ, kí wọ́n má fi ìdajì sún un, torí etí kan á yọ sókè, á sì máa kọ èèyàn lẹ́sẹ̀.