Ẹ̀yin oníṣòwò Amẹ́ríkà, kí lojú yín rí lórí Section 179?

Ìyá Ẹlẹ́ja (Houston): Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo fẹ́ ra fírísà ńlá méjì àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ẹran dídì sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé owó orí ní kí n tètè rà á kí ọdún tó parí, pé òfin owó orí tí wọ́n ń pè ní Section 179 yìí á jẹ́ kí n yọ gbogbo owó rẹ̀ kúrò nínú èrè ọdún yìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, dípò kí n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ sọ fún mi. Mi ò fẹ́ ìtàn ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ yín o, tiyín gan-an ni kẹ́ ẹ sọ.

Awakọ̀ Tírélà: Tèmi rèé. December 2022 ni mo ra tírélà àlòkù, $62,000, lóònù ni mo fi rà á. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ni mo fọwọ́ síwèé. Inú mi ń dùn, mo ti ṣírò owó orí mi títí, mo rí i pé kò ní ju táátáá lọ. Ẹni tó tà á ní táyà ẹ̀yìn méjì ti jẹ tán, àwọn á pààrọ̀ rẹ̀, kí n wá gbé e lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo ní kò burú. Mo gbé e ní 5 January.

Nígbà tó di March, mo jókòó síwájú akáǹtì. Ó wo ìwé, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ọjọ́ wo lọkọ̀ yìí délé yín?" Mo sọ fún un. Ó ní ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Pé ọjọ́ tí mo sanwó kọ́ ni òfin ń wò, ọjọ́ tọ́kọ̀ ti wà ní sẹpẹ́ láti ṣiṣẹ́ ni. Owó tí mo yà sọ́tọ̀ fún owó orí 2022, mo ti fi san àsansílẹ̀ ọkọ̀! Díẹ̀díẹ̀ ni mo san án fún IRS, àwọn agbowó orí ìjọba àpapọ̀, oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Lóòótọ́ mo padà yọ owó ọkọ̀ náà ní 2023, ṣùgbọ́n èlé tí mo san, ta ló máa dá a padà?

Ọmọ Mọ́gàjí: Táyà méjì.

Àbíkẹ́ Baltimore: Táyà méjì!! Háà. Bọ̀dá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì: Òótọ́ ló sọ. Èmi náà máa ń sọ ọ́ fún wọn títí ẹnu á fi bó. Ohun kejì tó tún yẹ kí Ìyá Ẹlẹ́ja mọ̀: ìjọba kò bá yín ra fírísà o. Mo ti rí ẹni tó rò bẹ́ẹ̀. Bí fírísà bá jẹ́ $10,000, èrè tí wọ́n máa bu owó orí lé ni yóò fi $10,000 dín. Bó bá jẹ́ ìpele owó orí 22 nínú 100 lẹ wà, $2,200 lẹ jèrè níbẹ̀, àti díẹ̀ sí i lára èyí tí ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ń san fún Social Security, ètò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba. Ìyókù, àpò yín ló ti jáde. Ẹni tí kò nílò fírísà, kó má tìtorí owó orí rà á.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò lè fi òfin yìí sọ èrè di àdánù. Bí ọjà kò bá mówó wọlé lọ́dún náà, ẹ ó sún ìyókù síwájú ni.

Jíìpù Dúdú: Ọ̀rẹ́ mi kan ra jíìpù ńlá kan ní 2021, ó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó nílé wọn…

Ìyá Ẹlẹ́ja: Mo ní tiyín.

Jíìpù Dúdú: Ó dáa. Èmi ni.

Wọ́n ní ọkọ̀ tí ìwúwo tí wọ́n kọ sí i lára, tòun ti ẹrù, bá ju 6,000 pọ́n-ùn lọ kì í bá àwọn ọkọ̀ kéékèèké wà lábẹ́ gbèdéke kan náà. Mo lọ yẹ ìwé tó wà lára fúrémù ilẹ̀kùn wò kí n tó rà á, àní mo ya fọ́tò rẹ̀. Lọ́dún yẹn, $26,200 ni Section 179 gbà lórí irú jíìpù bẹ́ẹ̀, akáǹtì fi òfin kejì, ìyẹn bonus, gbé ìyókù. Èyí tó bá ti jẹ́ tiṣẹ́ nínú owó ọkọ̀, a yọ gbogbo rẹ̀ lọ́dún kan. Mo jó lọ́jọ́ yẹn.

Àṣé ó gbọ́dọ̀ ju ìdajì lọ tí mo fi ń ṣiṣẹ́, lọ́dọọdún. Lọ́dún 2021 àti 2022, bẹ́ẹ̀ ni. Ìgbà tó di 2023, ìyàwó bí ìbejì, ọkọ̀ tiẹ̀ kéré. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni mo fẹ́ ṣe? Wọ́n ń fi tèmi lọ ilé ìwé, lọ ṣọ́ọ̀ṣì, lọ pápákọ̀ òfurufú lọ gbé màmá. Akáǹtì béèrè ìwé tí mo ń kọ máìlì sí. Mo fún un. Ó ka iṣẹ́, ó ka ilé, iṣẹ́ kò tó ìdajì. Wọ́n ní kí n kó èyí tí mo ti yọ ní àyọjù padà sínú owó tó wọlé fún mi, kí n san owó orí lé e. Mo san án. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo san án.

Àbíkẹ́ Baltimore: Ẹ ẹ̀ dárúkọ òde ìnáwó. Ṣé jíìpù dúdú kò lọ òde rí ni?

Ọmọ Mọ́gàjí: Aṣọ ẹbí náà jẹ́ ẹrù iṣẹ́ 😂

Jíìpù Dúdú: Ẹ jọ̀ọ́ o.

Awakọ̀ Tírélà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi jíìpù jó káàkiri, ṣé gbogbo yín lẹ̀ ń kọ máìlì? Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ó kéré tán, ẹni yìí kọ tirẹ̀.

Ọmọ Ìlú Ọba: Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kò sí irú wàhálà yẹn. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í wọ inú AIA, irú òfin yìí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rárá, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wọ̀ ọ́, mílíọ̀nù kan owó pọ́n-ùn sì ni gbèdéke. Ẹ wá sí London.

Jíìpù Dúdú: Òjò yín ńkọ́?

Sisí Onídìrí (Atlanta): Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ sílẹ̀. Ti ilé ńkọ́? Ní August 2019, ẹ́ẹ̀sì amúlétutù orí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi kú, nínú ooru Georgia, oníbàárà mẹ́rin wà lórí àga, ọ̀kan nínú wọn ń ṣe irun ìgbéyàwó. Lańlọ́ọ̀dù ní kí n ka ìwé àdéhùn wa dáadáa, pé èmi ni mo ni àtúnṣe rẹ̀. Mo kà á, òun ló jàre. Mo san $9,400 fún tuntun. Ẹni tó ṣe owó orí mi lọ́dún yẹn ní ara ilé ni ẹ́ẹ̀sì, pé ọdún 39 ni mo máa fi yọ ọ́. Mo ní, "Sà, ọdún mọ́kàndínlógójì? Ta ló máa ṣì máa dìrí nígbà yẹn?"

Ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni mo ti gbọ́ pé láti 2018 ni òrùlé, ẹ́ẹ̀sì, áláàmù àti ẹ̀rọ panápaná ti wọ Section 179, bó bá ti jẹ́ ilé ọjà tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ó bá mi tún ìwé 2019 ṣe, wọ́n dá owó padà fún mi. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì ń kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà ń kí i.

Àbíkẹ́ Baltimore: Èmi ń dìrí nínú ilé mi. Mo fẹ́ pààrọ̀ òrùlé. Ṣé ó wọ̀ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì: Rárá o. Ilé gbígbé kì í wọ̀ ọ́. Àga àti ẹ̀rọ ìgbẹrun yín wọ̀ ọ́, bó bá ju ìdajì lọ tẹ́ ẹ fi ń ṣiṣẹ́.

Àbíkẹ́ Baltimore: Ọmọ mi máa ń jókòó lórí àga yẹn jẹ indomie.

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì: Mi ò gbọ́ ìyẹn.

Ọmọ Mọ́gàjí: Èmi ò gba gbogbo èyí gbọ́ ṣá. Ẹní tó lówó ni wọ́n ṣe é fún. Ìyá ẹlẹ́ja wo ló fẹ́ ra ẹ̀rọ $2.5 mílíọ̀nù?

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì: Gbèdéke iye tí èèyàn lè yọ ní 2025 nìyẹn, àwọn kan ń dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ra ju $4 mílíọ̀nù lọ lọ́dún náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé gbèdéke tirẹ̀ kù. Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ ohun tójú wa rí. Ní September 2010 tí Obama fọwọ́ sí òfin oníṣòwò kékeré, ó di $500,000, wọ́n sì fi àtúnṣe inú ilé ọjà àti ilé oúnjẹ kún un, títí dé $250,000. A yọ̀. Àmọ́ ọlọ́jọ́ ni. Ní 2014, láti January ni gbèdéke ti padà sí $25,000, gbogbo ayé ń retí pé wọ́n á sún un, wọn ò sún un. Oníbàárà mi kan tó ní ilé búrẹ́dì ń pè mí láràárọ̀: "Ṣé kí n ra ààrò yẹn?" Mo ní ẹ ní sùúrù. 19 December ni wọ́n tó fọwọ́ sí i! Ọjọ́ méjìlá péré ló kù kí ọdún parí. Ta ló fẹ́ gbé ààrò wá láàárín ọjọ́ Kérésì? Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó sọ ọ́ di títí lọ. Èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 4 July 2025 ló gbé e dé $2.5 mílíọ̀nù.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ilé búrẹ́dì yẹn ńkọ́, ṣé ó ra ààrò?

Ẹ̀gbọ́n Akáǹtì: Ó rà á ní February.

Sisí Onídìrí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ẹ̀ sọ ti California. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó yọ $80,000 lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ ní àwọn ò mọ̀ ju $25,000 lọ. Ìwé méjì, ìṣirò méjì.

Ọmọ Mọ́gàjí: Bàbá bàbá mi wà nínú Agbẹ́kọ̀yà ní 1968. Ká ní ó rí wa níbí, tá à ń fi tọkàntọkàn ṣàlàyé bá a ṣe máa san owó orí…

Awakọ̀ Tírélà: Sọ fún un kó wá bá mi gba èlé mi lọ́wọ́ IRS.

Ọmọ Ìlú Ọba: Nílé náà, òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ láti 1 January 2026. Ṣé ẹnikẹ́ni ti…

Ọmọ Mọ́gàjí: Ẹ dákun, ẹ má mú ìyẹn wá síbí. A ò ní sùn.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe àwọn tó ń ta fírísà. Wọ́n ní àwọn á gbé e wá ní Tuesday. Mo ti bá oníná sọ̀rọ̀, Wednesday ló máa wá so ó. Ẹja á ti wà nínú rẹ̀ kó tó di Friday, màá ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú déètì.

Awakọ̀ Tírélà: Ìyá, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ó ní táyà.