Ẹ̀yin tí ẹ ti ka fáìlì ìjọba kọ́múníìsì rí, tàbí tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó gbé níbẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí àwọn onímọ̀ ìtàn ṣe ń wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ ìjọba kọ́múníìsì. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé ìjọba tó ń purọ́ náà ló kọ ìwé tí à ń kà. Lẹ́yìn tí wọ́n pa Beria, ọ̀gá ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Stalin, ní Soviet ní 1953, wọ́n fi ojú ewé tuntun ránṣẹ́ sáwọn tó ra ìwé ìmọ̀ ńlá ìjọba, pé kí wọ́n gé ti Beria dànù, kí wọ́n lẹ ọ̀rọ̀ nípa Òkun Bering síbẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan irú ìwé bẹ́ẹ̀, tàbí tó ti jókòó ti àgbà tó gbé níbẹ̀, kó wí.

Wálé Berlin
Mo ti kà á. Ìwádìí mi dá lórí àwọn ọmọ Áfíríkà tó kàwé ní Jámánì Ìlà-Oòrùn, mo sì tọrọ fáìlì Stasi, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ ibẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n á ní kẹ́ ẹ wọlé wá máa tú àpótí o. Ẹ ó kọ̀wé, ẹ ó dúró, ẹ ó tún dúró. Fáìlì tó wà níbẹ̀, bí wọ́n bá tò ó tẹ̀ léra, á tó kìlómítà 111. Nígbà tí tèmi dé, wọ́n ti fi dúdú pa orúkọ oríṣiríṣi èèyàn rẹ́.

Ẹ gbọ́ èyí. Amí kan kọ ọ́ pé ní alẹ́ Sátidé kan ní Leipzig, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kó ara wọn sínú yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Àgbà kan ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń dáhùn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń gbé oyin àti iyọ̀ yípo. Ó ní ó jọ pé wọ́n ń búra ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀.

Ìyá Ìbejì Peckham
Ìsọmọlórúkọ!!! 😂😂 Yéè, ẹ gbà mí.

Lánre_O
Àmín tí wọ́n ń ṣe ló di ìbúra lọ́rùn wọn. Mo kú.

Adéfẹ́mi
Mi ò gbà. Ta ló ń sọmọ lórúkọ lálẹ́? Wálé, o ti fi ata sí i.

Wálé Berlin
Ẹ̀gbọ́n, mi ò fi nǹkankan sí i. Mo wá ọ̀kan nínú wọn rí ní Ìbàdàn, bàbá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ìyá ọmọ ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ṣe é lálẹ́. “Àgbà” tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni, agbádá ló wọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibòmíì. Fáìlì ní 1964. Bàbá ní rárá, ọdún tí wọ́n mọ odi Berlin ni, ìyẹn 1961. Mo yẹ ìwé yòókù wò, fáìlì ló tọ̀nà, bàbá fúnra rẹ̀ kò tíì dé Leipzig ní 1961. Amí mọ ọjọ́ àti yàrá, kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọjọ́ ló sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí mo bá ju ọ̀kan nù, irọ́ ni mo máa kọ.

Lánre_O
Amí yẹn, òyìnbó ni àbí ọmọ wa?

Ìyá Ìbejì Peckham
Bó bá jẹ́ Yorùbá, kò ní ṣàì mọ ìsọmọlórúkọ.

Lánre_O
Àbí ó mọ̀, ó kàn fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rí i pé òun ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń jẹun lórí àṣírí ò lè délé lọ wí pé òun ò rí nǹkankan.

Wálé Berlin
Ìnagijẹ ló wà nínú ìwé. Bàbá ní òun mọ ẹni tí òun fura sí, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn
Ẹ jọ̀ọ́, onímọ̀ ìtàn kì í fi nǹkan sílẹ̀!

Ìyá Ìbejì Peckham
Ìwọ ọmọ yìí, ọmọ ẹni yẹn lè wà nínú ìjọ kan náà pẹ̀lú rẹ o. Ìfura lásán lẹ fẹ́ fi ba orúkọ ìdílé jẹ́?

Sẹ́gun Toronto
Ní January 1937, Stalin, olórí Soviet, ka àwọn ará ibẹ̀, iye tó jáde jẹ́ mílíọ̀nù 162, kò tó ohun tó ń retí. Wọ́n fagi lé e, wọ́n kó àwọn olórí ìkànìyàn sẹ́wọ̀n. Ìwé tí wọ́n tì mọ́lé yẹn làwọn onímọ̀ padà wá ń lò láti ṣírò iye èèyàn tí ìyàn 1932 sí 1933 pa.

Adéfẹ́mi
Tiwa ò kéré rí, ṣe ló ń wú. Ẹ rántí ìkànìyàn Nàìjíríà ti 1973?

Sẹ́gun Toronto
Murtala fagi lé ìyẹn náà ní 1975. Ṣùgbọ́n kò mú ẹni tó kà á.

ỌmọKétu
Ẹ ti gbàgbé wa ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀gágun Kérékou gbàjọba ní October 1972, ó kéde ìlànà Marx àti Lenin ní November 1974, ọdún kejì ló yí orúkọ Dahomey padà sí Benin. Ìyá àgbà mi ní àwọn arúgbó tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn nígbà náà, rédíò làwọn ti ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn. Mo wá ìwé lórí ẹ̀ ní ọ́fíìsì kan, ikán ló kí mi káàbọ̀. Mo wá bi àwọn àgbà. Bí mo bá ti dárúkọ àjẹ́, wọ́n á bi mí bóyá mo ti jẹun.

Adéfẹ́mi
Kérékou kì í ṣe kọ́múníìsì. Orúkọ lásán ni. Ṣebí ó padà di Kristẹni àtúnbí?

ỌmọKétu
Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé nígbà náà ò ní bá yín pè é ní orúkọ lásán, ẹ̀gbọ́n. Nígbà ìpàdé ńlá orílẹ̀-èdè ní February 1990 la tó mí.

Adéfẹ́mi
Ẹ wò ó, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn…

Ọmọ Ṣàngó
Ẹ jẹ́ kí n gbé wa dé Cuba. Nígbà tí Castro rán ọmọ ogun lọ sí Angola ní 1975, Carlota ni wọ́n fi sọ iṣẹ́ náà, obìnrin Lùkùmí, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ Yorùbá níbẹ̀, tó ṣáájú ọ̀tẹ̀ ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato, Matanzas, ní 1843. Ọmọ wa!

Wálé Berlin
Ẹ rọra. Àwọn òyìnbó Cuba ló ń kọ Lùkùmí sára ẹrú, kì í ṣe gbogbo wọn ni Yorùbá. Inú ìwé ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ìgbìmọ̀ ológun Spain la sì ti ń ka ọ̀tẹ̀ àkókò yẹn. Ní 1844, orí àkàbà ni wọ́n ń de ẹrú mọ́ kí wọ́n tó nà án. Kí lẹ fẹ́ kí ẹni tí wọ́n ń nà sọ?

Ọmọ Ṣàngó
Ọmọ wa ni. Mi ò ní bá ọ jiyàn.

Adéfẹ́mi
Wálé, gbogbo àríyànjiyàn yìí o, bàbá mi kàwé ní Dresden. Ṣé èmi náà lè tọrọ tirẹ̀?

Wálé Berlin
Bó bá wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ni kó kọ̀wé. Bó bá ti kú, ọmọ lè tọrọ, wọ́n á béèrè ìwé ikú àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá wo ti ara rẹ̀. Ẹ tètè kọ ọ́ o, ó máa ń pẹ́.