Ǹjẹ́ abẹ́rẹ́ dry needling lè mú ìrora èjìká àti orúnkún lọ?

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí máṣíìnì ìránṣọ ni mo máa ń tẹ̀ sí láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Èjìká mi ọ̀tún ti le gbagidi, ìrora rẹ̀ sì ń gba ọrùn lọ sí ẹ̀yìn orí. Orúnkún mi náà kì í jẹ́ kí n dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Onífísíò tí mo lọ rí ní òun lè fi abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, tí wọ́n ń pè ní dry needling, gún ibi tí ó ń ro mí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ fẹ́ ṣe fún ara?

Onífísíò Ìbàdàn:
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá wa. Iṣan tí a bá ń lò lójú kan náà fún ìgbà pípẹ́ lè ní ibì kan tí yóò ṣù, tí yóò le bí okùn tí a fà, débi pé bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní èjìká, orí ni aláìsàn yóò sọ pé ó ti ń ro òun. Dókítà Janet Travell, ẹni tí ó tọ́jú ẹ̀yìn Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà, ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú kókó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun a máa fi abẹ́rẹ́ tí ó ní oògùn gún un. Ní 1979 ni Karel Lewit, dókítà ará Czechoslovakia, kọ ọ́ sílẹ̀ pé abẹ́rẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń dín ìrora kù láìsí oògùn, bí ó bá sá ti bá ojú ibi tí ó ń ro gan-an. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tí kò ní ihò nínú ni. Bí ó bá kan kókó náà, iṣan yóò ta gìrì lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ni yóò dẹ̀.

Ní ti orúnkún, mi ò ní tàn yín. Bí ó bá jẹ́ pé awọ dídán tí ó bo orí eegun ni ó ti jẹ, abẹ́rẹ́ yìí kò lè dá a padà. Iṣan itan tí ó le nìkan ni ó lè bá yín dẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá ní Leeds:
Wọ́n ṣe é fún mi ní ọrùn. Ó ro mí di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni mo lè yí ojú wẹ̀yìn nínú mọ́tò. Eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ mi ni kò jẹ́ kí ìrora náà tètè padà, nítorí náà ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ láìgba ìyẹn.

Ìyá Aránṣọ:
Ẹ ṣé gan-an. Mo ń lo warfarin nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dì ní ẹsẹ̀ mi. Ṣé kò léwu?

Onífísíò Ìbàdàn:
Ó dára tí ẹ sọ ọ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún onífísíò yín kí ó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, nítorí pé warfarin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá, ó sì lè máa ṣàn nínú iṣan lábẹ́ awọ. Ẹ rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni ó tú lójú yín. Ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sí èjìká rárá: bí abẹ́rẹ́ bá wọlé jù, ó lè lu ú, kí afẹ́fẹ́ sì jò sínú àyà. Ẹni tí àyà bá ń dùn tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn rẹ̀, kódà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ilé ìwòsàn ni kí ó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà tí ó kọ warfarin fún yín. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìfọwọ́ra àti eré ìdárayá ṣì lè dẹ èjìká náà.