Ta ni wọ́n dá Àríwá Írẹ́lándì fún gan-an?

Adéwálé_K béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Belfast lóṣù Keje, mo sì ń ka ìtàn ibẹ̀ kí n má baà lọ ti ẹnu bọ ohun tí kò kàn mí. Àwọn kan ní ti Írẹ́lándì ni káúńtì mẹ́fà yẹn, àwọn kan ní ti Bìrìtéènì ni títí ayé. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn àlàáfíà lọ́dún 1998, ìjà rọlẹ̀. Ta ni wọ́n wá dá ilẹ̀ náà fún? Bí wọn ò bá dá a fún ẹnikẹ́ni, kí ló mú kí ìbọn dákẹ́?

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Àbúrò, káàbọ̀ sí ìlú òjò. Wọn ò dá a fún ẹnikẹ́ni o, ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Tẹ́lẹ̀, Abala 2 àti 3 nínú òfin Dublin (ìjọba Írẹ́lándì, ní Gúúsù) sọ pé ti àwọn ni gbogbo erékùṣù náà. London (ìjọba Bìrìtéènì) náà di òfin 1920 tó pín in sí méjì mú. Nínú Àdéhùn Good Friday, ìyẹn ti 1998 tó o sọ yẹn, Dublin gbà láti yí abala méjèèjì padà, London gbà láti pa òfin tirẹ̀ rẹ́. Bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Àríwá bá dìbò lọ́jọ́ kan pé Dublin làwọn ń bá lọ, tí Gúúsù náà sì gbà, London kò gbọdọ̀ dí wọn lọ́wọ́. Ìdá 71 nínú 100 àwọn tó dìbò ní Àríwá ló fọwọ́ sí Àdéhùn náà. Ní Gúúsù, ìdá 94.

Èyí tó wù mí jù ni pé ọmọ bíbí ibẹ̀ lè jẹ́ ará Írẹ́lándì, tàbí ará Bìrìtéènì, tàbí méjèèjì. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní páásípọ́ọ̀tù méjèèjì. Ti Írẹ́lándì ló ń mú rìn, torí ìlà kì í gùn fún un ní pápákọ̀ òfurufú Sípéènì látìgbà tí Bìrìtéènì ti kúrò nínú EU. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ ta ló ni ilẹ̀ yìí ló pa bí 3,500 èèyàn tẹ́lẹ̀!

Gbénró:
Aǹtí, ẹ má kun ún lóṣùn jù. Ìbò yẹn ò tíì pé oṣù mẹ́ta tí bọ́ǹbù fi pa èèyàn 29 ní Omagh, ìlú kan ní Àríwá. Ní Belfast, ògiri ṣì wà láàárín Falls, àdúgbò àwọn Kátólíìkì tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ Dublin, àti Shankill, àdúgbò àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì tí ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ London. Ilé ìwé ọ̀tọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Kátólíìkì àti ti Pùrótẹ́sítáǹtì ń lọ. Stormont, ilé ìjọba Àríwá, sì ti ilẹ̀kùn lọ́dún mẹ́ta gbáko, 2017 sí 2020, ó tún tì í lẹ́yìn náà.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Òótọ́ lo sọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n wo ohun tó tẹ̀ lé Omagh: Gerry Adams fúnra rẹ̀, olórí Sinn Féin, ẹgbẹ́ òṣèlú tó bá IRA tan, bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Ní 2005, IRA, àwọn tó ń fi ìbọn jà kí Àríwá lè kúrò lábẹ́ Bìrìtéènì, kó ohun ìjà wọn dànù. Ní 2007, Ian Paisley, olórí àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì tó fẹ́ London, àti Martin McGuinness, ọ̀gá IRA tẹ́lẹ̀, jọ ń ṣàkóso, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín débi tí inú fi bí àwọn ọmọlẹ́yìn Paisley. Ọbabìnrin Bìrìtéènì bọ McGuinness lọ́wọ́ ní 2012, bẹ́ẹ̀ IRA ló pa Mountbatten, ẹbí Ọbabìnrin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń kọ mí lóminú ni ìbò ìṣọ̀kan. Àdéhùn ní kí mínísítà London pè é bó bá dà bíi pé èyí tó pọ̀ jù yóò gbà. Kò sọ bí yóò ṣe mọ̀. Nínú ìkànìyàn 2021, àwọn tó ti ilé Kátólíìkì wá jẹ́ 45.7%, ti Pùrótẹ́sítáǹtì 43.5%. Kì í sì í ṣe gbogbo Kátólíìkì ló fẹ́ Dublin. Bí ìṣọ̀kan bá wọlé pẹ̀lú ìbò tó fi díẹ̀ ju ìdajì lọ, kí la fẹ́ sọ fún ìdajì tó kù? Èmi gbà pé ẹ̀tọ́ páásípọ́ọ̀tù méjì yẹn, tí Àdéhùn ní kò ní yẹ̀ láé, ni yóò gbà wá.

Adéwálé_K:
Ẹ ṣé mà. Ọjọ́ 12 oṣù Keje ni ọkọ̀ òfurufú mi máa gúnlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Àgbà:
Háà, sún un síwájú! Ọjọ́ ìwọ́de Orange, ẹgbẹ́ àwọn Pùrótẹ́sítáǹtì, nìyẹn. Kò sẹ́ni tó máa ṣe ọ́ ní nǹkan, àmọ́ ọ̀nà á dí, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á sì tì.