"Pín" àti "wọ̀n": báwo ni kí àgbà tí ń tún ìṣirò kọ́ máa ka 6 ÷ ½?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, mo kí yín o.

Ìbéèrè méjì ni ó wà níwájú wa. Èkíní ni orúkọ tí ó yẹ fún àwọn ẹgbẹ́ tí àwọn àgbàlagbà ń dá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti jọ tún ìṣirò kọ́ láìní olùkọ́ kan pàtó. Ẹnì kan dábàá "ẹ̀kọ́ àgbà", ẹlòmíràn dábàá "àtúnkọ́ ìṣirò". Èkejì wá láti inú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: báwo ni a ṣe ń ka 6 ÷ ½ ní Yorùbá, nítorí pé ìdáhùn tí kíkà rẹ̀ ń mú jáde kì í ṣe èyí tí ó wà nínú ìwé?

N kò ní pẹ́ lórí èkíní. "Ẹ̀kọ́ àgbà" ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tipẹ́; ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún ẹni tí kò láǹfààní ilé-ìwé ní kékeré ni a mọ̀ ọ́n sí, bẹ́ẹ̀ ẹni tí a ń sọ yìí lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí agbẹjọ́rò tí ó fẹ́ mọ ìdí tí òfin tí ó há sórí ní ọmọdé fi jẹ́ òtítọ́. "Àtúnkọ́" dùn létí, ṣùgbọ́n orí fóònù ni wọ́n ti ń kọ̀wé, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í fi àmì ohùn sí i; bí àmì bá ti kúrò, a kò mọ̀ bóyá ohun tí a tún kọ́ ni tàbí ohun tí a tún kọ sílẹ̀. "Àjùmọ̀kọ́" ni mo fara mọ́, nítorí pé "kọ́" gba ẹni tí ń kọ́ ìṣirò àti ẹni tí ń kọ́ ẹlòmíràn mọ́ra, iṣẹ́ méjèèjì sì ni olúkúlùkù ń ṣe níbẹ̀.

Èkejì ni ó gbà mí lọ́kàn. Níwájú pátákó, olùkọ́ lè fi ọwọ́ tọ́ka, kí ó sì yàwòrán. Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp tàbí Telegram, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni ẹnìkejì sábà máa ń rí. Ẹ wo lẹ́tà x: ẹnì kan ń fi ṣe àmì ìsọdipúpọ̀, ẹlòmíràn ń fi dúró fún iye tí a kò tíì mọ̀, àwọn méjèèjì sì ń fèsì fún ara wọn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń padà sórí ọ̀rọ̀ ẹnu, ibẹ̀ ni "pín" sì ti ń ṣì wọ́n lọ́nà.

6 ÷ 2 ni a máa ń kà báyìí: "pín mẹ́fà sí ọ̀nà méjì." Ó yé ni, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yóò gba mẹ́ta. Ẹ wá fi ìdajì rọ́pò méjì. "Pín mẹ́fà sí ọ̀nà ìdajì" kò ní ìtumọ̀ kankan. Ẹni tí etí rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ yóò tún un ṣe, yóò ní "pín mẹ́fà sí ìdajì", Yorùbá tí ó dán mọ́rán sì ni, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni ìdáhùn rẹ̀, nígbà tí ìwé ń retí méjìlá. Ó máa ń dùn mí bí àgbàlagbà tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí òun kò gba ìṣirò. Ohun tí èdè rẹ̀ sọ fún un gan-an ni ó ṣe.

Àbá mi ni pé kí a gba "wọ̀n" mọ́ "pín". Bí okùn bá gùn ní mítà 6, tí ọ̀pá ọwọ́ wa sì jẹ́ ìdajì mítà, ẹ̀ẹ̀mejìlá ni a óò gbé ọ̀pá náà lélẹ̀ kí okùn tó tán. Ìdajì méjì ni ó wà nínú ẹyọ kan, nítorí náà méjìlá ni yóò wà nínú mẹ́fà. Òfin "yí i lórí kodò, kí o sọ ọ́ di púpọ̀" tí a há sórí láìmọ̀dí ti hàn níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pa á láṣẹ. Èrò yìí kì í ṣe tuntun. Nínú ìwé keje *Elements* rẹ̀, tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Krístì, Euclid, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì ayé àtijọ́, sọ pé nọ́ńbà kékeré jẹ́ apá kan ńlá nígbà tí kékeré náà bá wọn ńlá náà tán. Ọdún 1659 ni Johann Rahn, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, tó fi àmì ÷ ṣe àmì pínpín nínú ìwé tí a tẹ̀.

Ẹnì kan ti sọ pé àmì kan yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Fún ½ ÷ 6, "pín ìdajì sí ọ̀nà mẹ́fà" ni ó bá a mu, ìdá kan nínú méjìlá sì ni ìdáhùn. Kí a fi mẹ́fà wọn ìdajì yóò kàn dojú ọ̀rọ̀ rú ni. Fún 6 ÷ 0, "wọ̀n" ni ó ń là wá lóye: bí gígùn ọ̀pá bá jẹ́ òdo, a óò máa gbé e lélẹ̀ títí, okùn kò ní dín rárá, kò sì sí iye kan tí a lè pè ní ìdáhùn.

Ìṣòro kan wà tí n kò ní fi pamọ́. Ohùn "wọ̀n" máa ń yí padà níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, nítorí náà "fi ìdajì wọn mẹ́fà" lè jọ "ìdajì tiwọn" lójú ẹni tí ń kà á kíákíá. Ẹ jẹ́ kí a máa gbé iye náà síwájú: "mẹ́fà ni kí o fi ìdajì wọ̀n." Fún orúkọ iṣẹ́ náà, mo dábàá "àfiwọ̀n", tí a ṣẹ̀dá bí a ti ṣẹ̀dá "àfiwé", kí "ìwọ̀n" lè dúró sí ipò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ àjùmọ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ¾ ÷ ⅛ dán an wò pẹ̀lú àwọn ojúgbà yín, láìlo òfin yíyí lórí kodò, kí ẹ sì sọ fún wa ibi tí gbólóhùn náà bá ti kọ́ yín lẹ́nu.