Ìdáhùn ìdánwò kì í dé látorí tábúlẹ́ẹ̀tì tí ẹni mẹ́ta ń pín lò

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i.

Mo gbé ẹ̀kọ́ ìṣirò kan kalẹ̀ lórí Moodle, ètò tí a fi ń kọ́ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún akẹ́kọ̀ọ́ 30. Tábúlẹ́ẹ̀tì 10 péré la ní, ẹni 3 ló ń pín ọ̀kọ̀ọ̀kan lò. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì ní kíláàsì, ọ́fíìsì ni mo ti máa ń gba ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sínú áàpù Moodle.

Kíkà ò ní wàhálà. Ìdánwò ló ń dà mí láàmú. Mo ti fún wọn láàyè láti ṣe é láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, mo yọ gbèdéke àkókò kúrò, torí pé Moodle kì í gba méjèèjì pọ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo kó tábúlẹ́ẹ̀tì padà sí ọ́fíìsì, iṣẹ́ ẹni 9 ò dé. Mo ṣí ọ̀kan wò: ẹni tó lò ó kẹ́yìn nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ wọlé. Ọmọbìnrin kan dúró tì mí, ó na ìwé tó fi ṣe ìṣirò náà sí mi, gbogbo ìdáhùn ló pé síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Mo ti pa áàpù, mo tún un ṣí, pàbó ló já sí. Mi ò jẹ́ yọ ọ́ kúrò, kí ohun tó kù nínú rẹ̀ má baà lọ.

Ṣé dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan padà wọlé sí àkáǹtì rẹ̀ lórí tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an kí iṣẹ́ rẹ̀ tó lọ, àbí ọ̀nà wà tí àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi lọ lẹ́ẹ̀kan náà?